Ẹ Wọn Kéwú Àwọn Ọmọ Wa Kí Ẹ Tó Ní Kò Tó

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ sàká. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, àwọn tí a fi sí ilé kéwú láti kékeré, tí wọ́n kà á débi pé àwọn náà ń kọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n tí yunifásítì ń wò wọ́n bí ẹni tí kò jókòó níwájú olùkọ́ rí.

Alhájà kan tí ń tajà ní Òkè-Àrìn ni ó bi mí léèrè pé: "Àfáà, ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọ mi fi kéwú. Nísinsin yìí tí ó fẹ́ lọ gba dìgírì nínú ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù kan náà, wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ṣé ọdún mẹ́rìnlá yẹn kò jẹ́ nǹkan kan ni?" Ìbéèrè àwọn ọlọ́jà ni ìbéèrè yìí. Ẹni tí ó bá gbé ẹrù wá sí ọjà mọ̀ pé a kì í díye lé ẹrù kí a tó wọ̀n ọ́n, a kì í sì í dá a padà kí a tó tú u wò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Kí yunifásítì dán ìmọ̀ tí ọmọ kéwú ti ní wò, kí wọ́n sì kà á fún un bí ó bá yege, kí ó má baà tún bẹ̀rẹ̀ láti álífù. Kí àwa tí a ni ilé kéwú náà sì tún ilé wa ṣe, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n lè rí nǹkan gbé lé orí òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn tí kò kéwú kọjá àwọn súrà kéékèèké. Bí ọmọ bá ti parí Àlùkùránì, tí a sì ṣe wòlímọ̀ fún un, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Yóò ka ìwé Akhdari lórí àlùwàlá àti ìrun. Yóò ka ogójì hádíìsì tí Nawawi kó jọ. Yóò ka Ajurrumiyya, ìwé gírámà èdè Lárúbáwá, yóò sì kà á sórí. Lẹ́yìn èyí ni Risala, ìwé tí Ibn Abi Zayd ará Kairouan kọ, ẹni tí ó kú ní ọdún 996. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun àti ààwẹ̀ nìkan ni ó wà nínú ìwé yẹn o. Òfin títà àti rírà wà níbẹ̀, òfin àjọṣe nínú òwò, ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀, ogún pínpín. Ẹni tí ó bá kà á dáadáa lè jókòó láàárín àwọn ọmọ olóògbé mẹ́fà tí wọ́n ń bá ara wọn jà nítorí ilé kan ní Ọbádìnà, kí ó sì pín in fún wọn láìsí ìjà. Bí Ọlọ́hun bá fún un ní ẹ̀mí àti sùúrù, yóò ka Jalalayn, èyíinì ni ìtumọ̀ Àlùkùránì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní àwọn ilé kéwú tí ó ní kíláàsì, irú ti Agége, yóò gba ìwé ẹ̀rí Idaadi, yóò sì gba Thanawi.

Kí wá ni yunifásítì ń kọ́ ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù? Ìtàn ìgbésí ayé Ànábì, ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ Àlùkùránì, ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ hádíìsì, ìbẹ̀rẹ̀ òfin ìsìn, àti èdè Lárúbáwá fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òkè Pópó tí ó ti ń fi Jalalayn ṣe wáàsí nínú ààwẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí ó jàjà wọ yunifásítì kan, kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ti ń so lẹ́tà Lárúbáwá pọ̀ ni wọ́n fi í sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ bá a ní yàrá lálẹ́ kí ó lè kọ́ wọn. Ó san owó ilé-ìwé, ó sì tún ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ lọ́fẹ̀ẹ́! Ọdún kan gbáko nínú ayé ẹni tí ó ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì ni ó lọ sí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má purọ́ mọ́ àwọn ará yunifásítì. Wọn kò kórìíra wa. Ohun tí òfin là sílẹ̀ fún wọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé: kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò ilé-ìwé gíga, kí Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú rẹ̀. Bákan náà, nǹkan wà tí ọmọ kéwú kò mọ̀. Ìmọ̀ tiwa, ìmọ̀ gbígbà lẹ́nu olùkọ́ àti kíkà sórí ni. Yunifásítì ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí, nígbà wo ni ó sọ ọ́, kí ni ẹlòmíràn sọ tí ó yàtọ̀ sí i, kí ó sì kọ èrò tirẹ̀ ní ojú ìwé ogún tàbí ọgbọ̀n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó já gaara. Ọmọ tí kò bá lè ṣe èyí kò tíì tó gba dìgírì, bí ó tilẹ̀ ka Mukhtasar Khalil sórí. Ẹ rí i pé n kò tọrọ ẹ̀bùn. Èyí tí ó mọ̀ ni kí a kà fún un, kí ó sì jókòó kọ́ èyí tí kò mọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé àṣà òyìnbó ni kí a máa dán onímọ̀ wò, kò mọ ìtàn ìsìn rẹ̀. Àwọn oníhádíìsì gbà á wá pé nígbà tí Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ rán Mu'adh ọmọ Jabal lọ sí Yemen, ó kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí yóò máa fi ṣe ìdájọ́ láàárín àwọn ènìyàn. Mu'adh to ìdáhùn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, Tírà Ọlọ́hun ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ìlànà Òjíṣẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ làákàyè tirẹ̀. Inú Ànábì dùn sí i, ó sì rán an lọ. Ìdánwò nìyẹn. A gbọ́ nípa Imam Malik pé kò jókòó láti máa dá àwọn ènìyàn lóhùn lórí òfin ìsìn títí àádọ́rin onímọ̀ fi jẹ́rìí sí i pé ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti Bukhari nígbà tí ó dé Baghdad. Àwọn onímọ̀ ìlú náà mú ọgọ́rùn-ún hádíìsì, wọ́n da orúkọ àwọn tí ó gbà wọ́n wá rú pọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n sì pín in fún ọkùnrin mẹ́wàá. Àwọn wọ̀nyí dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n ń ka mẹ́wàá mẹ́wàá tiwọn. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan Bukhari ń wí pé òun kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn òpè tí ó wà níbẹ̀ rò pé ó ti tì. Nígbà tí wọ́n parí, ó yíjú sí ẹni àkọ́kọ́, ó dá gbogbo mẹ́wàá tirẹ̀ padà sí ipò wọn, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ dé orí ẹni ìkẹwàá, láìṣi ẹyọ kan. Kò sí ẹni tí ó bi í pé níbo ni òǹtẹ̀ ìwé ẹ̀rí rẹ wà. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó tẹ̀wọ̀n.

Láti inú èyí ni ìyọ̀ǹda tí àwa oníkéwú ń pè ní ìjáàsà ti wá. Olùkọ́ yóò kọ ọ́ pé lágbájá ka ìwé báyìí níwájú mi, èmi náà kà á níwájú làkáṣègbè, títí yóò fi kàn ẹni tí ó kọ ìwé náà gan-an. Mo sì fún un láyè kí ó máa fi kọ́ ẹlòmíràn. Tèmi ni pé ìjáàsà tí a kọ dáadáa ń sọ nǹkan fún ni ju ọ̀pọ̀ ìwé dìgírì lọ, nítorí ó dárúkọ ìwé tí a kà, ó sì dárúkọ ẹni tí a kà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ bí a ti ṣe dé ibi tí a wà yìí, pàápàá àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 1827 ni àwọn ajíhìnrere CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown, ọmọ wa Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, kò sí dìgírì kankan tí ilé-ẹ̀kọ́ náà lè fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1876 wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Durham mú ìdánwò tirẹ̀ wá, ẹni tí ó bá sì yege gba dìgírì Durham, ti ẹ̀kọ́ ìsìn wọn wà lára rẹ̀, láìjẹ́ pé ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ní Freetown ni Durham wọ̀n, tí ó sì kà sí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àlùfáà ìjọ àti àwọn ọmọ Sàró ní Olówógbowó ṣe ní ìwé lọ́wọ́ kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dìgírì.

Láti Sierra Leone yìí kan náà ni Mohammed Shitta ti wá, ẹni tí ó kọ́ mọ́ṣáláṣí tí ó wà ní ojú títì Martins, tí a ṣí ní ọdún 1894, tí ọba Túrkì sì fi oyè Bey dá a lọ́lá. A ní owó, a ní mọ́ṣáláṣí tí ará òkèèrè ń wá wò, a ní àwọn àfáà tí wọ́n mọ̀wé. Kò sí ẹni tí ó wá ọ̀nà tí ìmọ̀ àwọn àfáà wọ̀nyí yóò fi di ohun tí ìjọba lè kà. Ní ọdún 1896, Edward Blyden bá ìjọba Èkó ṣe é tí wọ́n fi dá ilé-ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ òbí. Ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí wọ́n ti rí àwọn ọmọ tí a rán lọ sí ilé-ìwé ìjọ ní Mọ́mọ́dù tí wọ́n sì padà wálé ní Mósè. Nígbà tí Ansar-Ud-Deen dìde ní Èkó ní ọdún 1923, tí àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e, a rí ìdajì ìwòsàn: ọmọ wa lè kọ́ Gẹ̀ẹ́sì láìsọ ìsìn rẹ̀ nù. Kéwú wá di ohun ọ̀sán, lẹ́yìn tí ó ti rẹ ọmọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti pín sí méjì, tí ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí kò fi bẹ́ẹ̀ ní kéwú, tí ẹni tí ó sì ní kéwú kò ní ìwé ẹ̀rí.

Ìlú Kánò kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1934 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn tí ó ti kéwú dáadáa. Ní 1947 ó di School for Arabic Studies. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní 1960, èyí tí ó di Yunifásítì Bayero ní 1977. Málàmù tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí wàláà rí àtẹ̀gùn gùn dé òkè, nítorí ìjọba ibẹ̀ nílò alkali. Ní Èkó kò sí ẹni tí ó nílò wa fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó kan àtẹ̀gùn fún wa.

Ẹni tí ó kan án fún wa ni Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ. Abẹ́òkúta ni ó ti bẹ̀rẹ̀ Markaz ní ọdún 1952, ó sì gbé e wá sí Agége ní 1955. Ó fi àga àti tábìlì sínú ilé kéwú, ó lu agogo, ó pín ọmọ sí kíláàsì, ó ṣe ìdánwò, ó sì ń fún ọmọ ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn kan nínú àwọn àfáà àtijọ́ bú u nítorí èyí, pé ó ń sọ kéwú di ilé-ìwé òyìnbó. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí Agége ni ó mú àwọn ọmọ Yorùbá wọ Al-Azhar ní Cairo. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, yunifásítì ibẹ̀ ṣe ètò ìwé ẹ̀rí kan nínú èdè Lárúbáwá àti ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, èyí tí ó di afárá fún ọ̀pọ̀ ọmọ kéwú láti kọjá sínú dìgírì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé afárá náà lè gbé ènìyàn, kí ó wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede. Ọmọ Markaz Agége ni. Ó gba ìwé ẹ̀rí ti Ìbàdàn yẹn láàárín àwọn ọdún 1970, ó lọ sí Yunifásítì Ìlọrin, ó sì gba dìgírì nínú èdè Lárúbáwá ní ipò kìíní ní ọdún 1981. Ó di ọ̀gá àgbà yunifásítì kan náà láti 2007 dé 2012. Ní 2016, wọ́n fi í ṣe Rẹ́jísírà JAMB, ilé iṣẹ́ tí gbogbo ọmọ tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ọmọ ilé kéwú di olùṣọ́ ẹnu-ọ̀nà!

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀nà ti ṣí tán nígbà náà. Lóòótọ́, ó sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní NBAIS, tí ó fi Kàdúná ṣe ibùjókòó, ń ṣe ìdánwò àṣekágbá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Mo rọ gbogbo ẹni tí ó ní ilé kéwú kí ó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń gba NCE fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n tó fi í wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Ọdún mẹ́rìnlá ní ilé kéwú, ọdún mẹ́ta fún NCE, ọdún mẹ́ta mìíràn fún dìgírì, èyí tí a sì dín kù fún un nínú gbogbo rẹ̀ kò ju ọdún kan ṣoṣo lọ. Nítorí NCE ni wọ́n sì ṣe dín ọdún kan náà kù. Kéwú rẹ̀ kò dín ọjọ́ kan.

Àwọn ìlú mìíràn ti ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Pakistan, láti ọdún 1982 ni ìjọba ti ka ìwé ẹ̀rí tí ó ga jù lọ ní àwọn ilé kéwú ńlá wọn sí ẹgbẹ́ dìgírì M.A. nínú èdè Lárúbáwá àti ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Bangladesh ṣe òfin irú rẹ̀ ní 2018. Èmi kò fara mọ́ tiwọn tán, nítorí wọ́n gba ìwé láìwọ̀n ẹni tí ó mú un wá, ìyẹn sì lè di ọ̀nà ayédèrú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Yunifásítì Aligarh ní Íńdíà. Wọ́n ṣe ètò ọdún kan fún àwọn tí ó jáde ní ilé kéwú, wọ́n ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìmọ̀ ayé òde òní, lẹ́yìn náà wọ́n lè bá àwọn ẹgbẹ́ wọn wọ dìgírì. Wọn kò tún kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n ti mọ̀.

Kí a tilẹ̀ fi òkèèrè sílẹ̀. Ní Nàìjíríà wa níhìn-ín, ètò wà lábẹ́ NBTE tí bíríkìlà, télọ̀ àti mẹkáníìkì tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rí lè fi mú iṣẹ́ rẹ̀ wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe, a ó fún un ní ìwé ẹ̀rí. A kò ní bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ ọ. Bí ìjọba bá lè yẹ iṣẹ́ ọwọ́ bíríkìlà wò, kí ni ó dé tí a kò lè yẹ tàfúsíìrì àfáà wò?

Mo ń bá Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó sọ̀rọ̀ nígbà náà, LASU tí ìjọba Jákàńdè dá sílẹ̀ ní 1983, nítorí òun ni ó sún mọ́ wa jù. Dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin kò gbọdọ̀ dín ní yúnìtì 120. Kí wọ́n pe ọmọ kéwú tí ó bá ní Gẹ̀ẹ́sì tí òfin béèrè, kí wọ́n gbé ìdánwò ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀: tàfúsíìrì, hádíìsì, òfin ìsìn, gírámà Lárúbáwá. Kí ó kọ ọ́ lórí ìwé, kí ó sì jókòó níwájú àwọn olùkọ́ mẹ́ta kí wọ́n bi í léèrè lẹ́nu. Èyí tí ó bá yege nínú rẹ̀, kí wọ́n kọ yúnìtì rẹ̀ fún un. Èyí tí ó bá kùnà, kí ó jókòó kọ́ ọ bí gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà tí NUC ti gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun jáde, ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni ó là sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì, ó sì fi ọgbọ̀n tí ó kù lé yunifásítì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Àyè wà láti dá nǹkan ṣe, bí wọ́n bá fẹ́ bẹ NUC fún ìyọ̀ǹda èyí tí ó kù.

Àwọn àgbà lẹ́mọ́mù kan ń wí pé kí a ka iye ọdún tí ènìyàn ti fi ṣe lẹ́mọ́mù náà sí dìgírì. Níhìn-ín ni mo ti yà kúrò lẹ́yìn wọn. Ogún ọdún nídìí ìrun kì í ṣe ìmọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí ó ti fi súrà mẹ́rin kan náà kírun láti ìgbà Ṣàgàrí. Ṣùgbọ́n bí lẹ́mọ́mù kan bá ti pín ogún fún ogójì ìdílé, tí ó sì kọ bí ó ti pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú ìdí tí ó fi pín in bẹ́ẹ̀, kí ó kó àkọsílẹ̀ náà lọ síwájú àwọn olùkọ́ òfin. Ìyẹn ṣeé wọ̀n. Ohun tí ènìyàn lè fi hàn nìkan ni kí a kà fún un.

Èyí ni ó sì dá ọ̀rọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ àwa àfáà. Ilé kéwú mélòó ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó ní rẹ́jísítà? Bí yunifásítì bá kọ̀wé sí wa lónìí pé kí a fi ọdún tí ọmọ kan wọlé hàn, àti ìwé tí ó kà, àti ẹni tí ó kọ́ ọ, kí ni a ó kó jáde? Àwọn kan nínú wa ń fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí Thanawi fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lè san owó wòlímọ̀, ìbáà ṣe pé kò lè ka ojú ìwé kan láìṣì í kà. Àwọn mìíràn tún burú jù, wọ́n lọ ra oyè Dókítà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní kíláàsì, wọ́n sì ń fi í síwájú orúkọ wọn lára pátákó mọ́ṣáláṣí. Ayédèrú kan nínú àpò ìrẹsì máa ń mú kí oníbàárà fura sí gbogbo àpò. Àwọn ọmọ wa tí ó kàwé lóòótọ́ ni ó ń jìyà rẹ̀.

N kò sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kéwú dé ibi gíga kí wọ́n tó lọ sí ilé ọkọ. Ilé-ìwé ìjọba kì í gba ẹni tí kò ní NCE tàbí dìgírì láti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Mo ti dé ilé-ìwé kan tí ẹni tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà kò lè ka Fátíhà gún, nígbà tí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí ó ka Risala tán ń ta gúgúrú ní òdìkejì títì. Bí a bá sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pé ọdún méje ni yóò fi padà sí ilé-ìwé, kò ní lọ. Bí a bá sọ fún un pé ọdún méjì ààbọ̀ ni, ó lè bẹ ọkọ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin jámọ́à àti ẹ̀yin oníṣòwò Balógun àti Ìdúmọ̀tà, ẹ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ń pa màlúù nígbà wòlímọ̀, ẹ ń ra aṣọ ẹgbẹ́, ẹ ń ná owó fún àfáà tí ó wá wàásù. N kò ní kí ẹ má ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n owó màlúù kan tó láti san owó olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan fún oṣù mélòó kan, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ kéwú tí ó ti dàgbà lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, nínú mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ní ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ṣe ohun tí yunifásítì lè wọ̀n fún ẹni tí kò ní in. Mọ́ṣáláṣí mẹ́ta tí ó sún mọ́ ara wọn lè pawọ́ pọ̀ gba olùkọ́ kan.

Àfáà tí ó bá ní ilé kéwú ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí ó lọ ra rẹ́jísítà ńlá kan ní Ìdúmọ̀tà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí ó fa ìlà mẹ́fà sí i: orúkọ ọmọ, ọjọ́ tí ó wọlé, ìwé tí ó ń kà, ẹni tí ó ń kọ́ ọ, ọjọ́ tí ó parí ìwé náà, àti bí ó ti ṣe nínú ìdánwò rẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀ lónìí.